Ìborùn Tí Ẹ Ò Ṣẹ́tí Rẹ̀ Tán

Màámi, ọdún márùn-ún rèé. Ọjọ́ Àlàmísì lẹ lọ, Àlàmísì náà ló tún bọ́ sí lónìí. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ni nígbà yẹn, òun náà ni mo sì rí lára kàlẹ́ńdà tí Bàbá gbé kọ́ sí pálọ̀ nígbà tí mo jí láàárọ̀. Ọjọ́ mọ ọ̀nà ilé wa. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò yà mọ́.

Karimot Àjíkẹ́, ìyá Rasheedat, ìyá Abdulkabir, ìyá Màríyámọ̀. Aya Mùtíù tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Aránṣọ Ìkòsí tí kì í fi maṣíìnì ṣẹ́tí ìborùn. Èmi Rasheedat, àkọ́bí yín, ni mò ń kọ ìrántí tọdún yìí. Abdulkabir ló ti ń kọ ọ́ bọ̀, ẹ sì mọ ọmọ yín: ọ̀rọ̀ kan náà ló ń kọ lọ́dọọdún, iye ọdún nìkan ló ń yí padà. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi tọdún yìí sílẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àti ẹ̀yin tí kò ṣeé rán an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jíṣẹ́ ilé. Bàbá ti kọ́ ilé Ìkòròdú tán. Wọ́n kan ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn ní ọdún méjì sẹ́yìn. Yàrá tí ẹ ní kí wọ́n yọ fèrèsé ńlá sí fún yín, tí ẹ ní ibẹ̀ lẹ ó ti máa ránṣọ, wọ́n yọ fèrèsé náà sí i. Ó tóbi débi pé bíríkìlà ń béèrè bóyá ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Kò sẹ́ni tó ń gbé yàrá yẹn. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni kó wà. Àwa ṣì wà ní Kétu, torí Bàbá ní òun ò lè máa ti Ìkòròdú wá pàdé ọkọ̀ àlùbọ́sà láràárọ̀. Wọn ò fẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn ará ọjà ń dá a lábàá fún wọn, Bàbá á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa ṣa àlùbọ́sà wọn lọ.

Abdulkabir ti jáde ilé ìwé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Gbàgádà, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń so táì mọ́rùn. Ó bí ọmọbìnrin kan lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin náà ti mọ orúkọ tó sọ ọ́. Ọmọ náà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn, ó ń kígbe bí ẹni tó ni ilé, Bàbá sì ń wí pé Karimot ti padà dé pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù yín náà ò kú. Mo rò pé ẹ ó fẹ́ gbọ́ ìyẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Maṣíìnì méjì lẹ fi sílẹ̀, mẹ́rin la ní báyìí. Wọ́n tún ojú ọ̀nà ṣe, wọ́n wó àwọn ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa, wọn ò fọwọ́ kan tiwa. Aunty Wùmí ti Magodo, oníbàárà yín àtijọ́, ṣì ń gbé aṣọ wá. Àga yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ẹ gbé e sí. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí i máa ń kọ́kọ́ wo ojú mi.

Màríyámọ̀ ń lọ ilé ọkọ. Sátidé ọ̀túnla ni nikkai rẹ̀, kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ládé ni wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀, ọmọ Alápẹ́rẹ̀ ni, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ó bẹ̀rù Bàbá, kò sì bẹ̀rù Màríyámọ̀ tó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn á kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ fi í sílẹ̀. Ó ti di méjìlélógún, ó ga jù mí lọ, ó sì ń rìn bíi tiyín, tí èjìká òsì máa ń ṣáájú díẹ̀.

Ìborùn tó fẹ́ wọ̀ lọ síwájú àwọn àlùfáà ni ọ̀rọ̀ tí mo bá wá.

Ẹ rántí ìborùn náà. Aunty Wùmí ló mú ṣífọ́ọ̀nù ọ̀hún bọ̀ láti Dubai, aláwọ̀ wàrà, ó fúyẹ́ débi pé èémí lásán ń gbé e. Ẹ sọ lójú gbogbo wa pé ti nikkai Màríyámọ̀ nìyẹn. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì wá béèrè, tó ṣì ń jẹ góòbà lójú ọ̀nà bọ̀ láti ilé ìwé, ìborùn rẹ̀ lẹ ti ń ṣẹ́tí. Ẹ ní iṣẹ́ tí ọwọ́ bá lè ṣe lónìí, kí ọwọ́ má fi dọ̀la. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn tí yóò ka ìwé yìí, tí wọn ò mọ iṣẹ́ wa, lè máa rò pé kí ni ti etí aṣọ tí mo ń fi gbogbo ẹnu sọ. Aṣọ tó fúyẹ́ báyẹn kò gba ìṣẹ́tí tó fẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá fẹ̀, á wúwo, á máa fa ìborùn bọ́ lórí. Kíká ni wọ́n ń ká a. Ẹ ó fi sísọ́ọ̀sì gé etí aṣọ kó mọ́ tónítóní. Ẹ ó fi ahọ́n kan ìka kó lè tutù díẹ̀. Ẹ ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí etí náà wọ inú, títí ibi tí òwú ti ń tú yóò fi pa mọ́, tí kò sì ní nípọn ju eegun ẹja ṣàwá lọ. Abẹ́rẹ́ á gba inú ibi tó ká kọjá, á ṣa fọ́nrán òwú kan ṣoṣo lára aṣọ nísàlẹ̀, á tún padà sínú kíká. Ẹ ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà láìfa òwú le. Lẹ́yìn náà ẹ ó rọra fà á. Etí aṣọ á ká ara rẹ̀ wọlé, òwú á sá pamọ́, ẹni tó ń wò ó ò ní mọ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà.

Ẹ sì ní àṣà kan tí mi ò rí lọ́wọ́ aránṣọ mìíràn ní gbogbo Kétu. Ẹ kì í ta kókó níbẹ̀rẹ̀. Àárín etí kan lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kì í bẹ̀rẹ̀ ní igun, ẹ ó sì fi orí òwú sílẹ̀ níbẹ̀, tó gùn tó ìka ọwọ́ kan, á máa fì. Ẹ ó rán an gba igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá títí ẹ ó fi padà débi tí ẹ ti gbéra. Ìgbà náà lẹ ó so ìparí òwú mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kókó kan péré ní gbogbo ìborùn, ẹ ó sì fi eyín já èyí tó kù. Eyín yẹn ni mò ń bá yín jà sí. Sísọ́ọ̀sì wà nílẹ̀, ẹ̀ ń fi eyín já òwú bí èkúté.

Mo bá yín jà sí ohun tó ju eyín lọ. Lóṣù kẹfà ọdún tí ẹ lọ, mo lọ sí Ojota, mo ra ẹsẹ̀ maṣíìnì kan, èyí tí ẹnu rẹ̀ ká bí ìkarahun ìgbín. Tí èèyàn bá ti etí aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á ká a fúnra rẹ̀, maṣíìnì á máa rán an lọ. Inú mi dùn débi pé mi ò lè dúró kí oníbàárà kọ́kọ́ lọ. Ojú Aunty Wùmí ni mo ti sọ ọ́.

“Mọ́mì, ayé ti lọ jìnnà now. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi odindi ọjọ́ ṣe, five minutes ni machine máa fi ṣe é. Ẹ̀ ń fi time wa ṣòfò.”

Aunty Wùmí fẹ́ pa iná náà. Ó ní, “Rashee, leave Mummy jàre. Èmi, tọwọ́ Mummy ni mo fẹ́ o.”

Ẹ ò bínú. Ẹ kàn sọ pé, “Ìwọ ṣe tìẹ. Jẹ́ n ṣe tèmi.” Lọ́jọ́ kejì ẹ gbé àga yín kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ẹ kọjú síta. Mo gbà pé mo mọ ìdí rẹ̀. Mo ní ẹ̀ ń kẹ̀yìn sí mi ni, èmi náà sì kọjú sí ògiri. Oṣù méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá àti ọmọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn.

Ohun kan ṣoṣo lẹ ń bá mi sọ nígbà náà ju ìkíni lọ. Bí ẹ bá rán etí aṣọ dé ibì kan, ẹ ó gbé e sókè, ẹ ó ní, “Rasheedat, bá mi wò ó, ṣé ó tọ́?” Mo rò pé ìyìn lẹ̀ ń wá. Mo rò pé ẹ fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ pé tiyín dára ju ti maṣíìnì mi lọ. N ó ní, “Ó dáa, Mọ́mì.” Màámi, mi ò gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ẹ dìde lórí ẹní ìkírun àsùbáà lówùúrọ̀ Àlàmísì kan, ẹ ní ó rẹ̀ yín. Kí oòrùn tó gbóná, ó ti parí. Dókítà ní ṣúgà ni, ó ti pẹ́ lára yín. Àwa mọ̀ nípa ṣúgà, a mọ̀ pé ẹ ti fi mínírà sílẹ̀, pé ẹ̀ ń mu ewé. A ò mọ̀ pé ó ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Mo rí ìborùn náà lórí àga yín lọ́jọ́ kẹta, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ ti dé ìdajì. Ẹ ti gba igun méjì kọjá, ẹ ti dé àárín etí kẹta. Mo ká a, mo fi í sínú agolo bisikíìtì tí a ń kó bọ́tìnnì sí, mo sì dé e. Ọdún márùn-ún ni mi ò fi ṣí i. Mo ṣẹ́tí aṣọ gbogbo ayé, mo ṣẹ́tí ìborùn àwọn tí mi ò mọ orúkọ bàbá wọn, mi ò lè fọwọ́ kan ti àbúrò mi.

Ìgbà tí wọ́n mú ọjọ́ nikkai ni Màríyámọ̀ wá bá mi. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ sórí itan, ó ní, “Aunty Rashee, èyí tí Mọ́mì ń ṣe ni mo fẹ́ wọ̀. Mi ò fẹ́ òmíì.” Aunty Wùmí ti mú ìborùn olókùúta kan tó ń dán wá fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dúpẹ́, ó sì dá a padà. Mo wá ṣí agolo. Abẹ́rẹ́ yín ti dógùn-ún mọ́ ibi tí ẹ dúró, ó sì fi àmì kékeré kan síbẹ̀ tó pọ́n bí ilẹ̀ Ìkòròdú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu Màríyámọ̀. Mo gbé e lé maṣíìnì. Mo ti etí tó kù bọ ẹnu ìgbín yẹn, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lọ dáadáa tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Nígbà tó dé igun, maṣíìnì gbé ṣífọ́ọ̀nù náà mì. Ó fà á wọ abẹ́ irin, ó jẹ ẹ́ já. Màríyámọ̀ wà níbẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo tú èyí tí maṣíìnì ti rán, mo sì gé ibi tó ya kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó fẹ̀ tó ìka méjì. Mo wá mọ̀ pé bí mo bá tún ṣe àṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan sí i, kò ní sí ìborùn mọ́, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ ló kù. Èmi ọmọ Karimot, tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí mo ní maṣíìnì mẹ́rin, mi ò mọ̀ ọ́n fi ọwọ́ ká.

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Shittu láti ra òwú tó bá a mu. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn lẹ máa ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀ kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ṣì ń ta òwú àti bọ́tìnnì níbi kọ́nà yẹn, irùngbọ̀n wọn ti funfun tán. Wọ́n wo ṣífọ́ọ̀nù náà, wọ́n wá òwú aláwọ̀ wàrà jáde, wọ́n sì ṣàdédé na ọwọ́ sí mi.

“Mú abẹ́rẹ́ wá, jẹ́ n bá ẹ ti òwú bọ̀ ọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, ojú mi ò tíì fọ́ o.”

Bàbá Shittu ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ẹ ń sọ fún gbogbo ayé.”

Wọ́n fún mi ní àpótí, mo jókòó. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ méjìlá ni àwọn ń bá yín ti òwú bọ̀ láràárọ̀, fún bí ọdún kan gbáko, tí àwọn ń gún un mọ́ tìmùtìmù pupa yín kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo rántí tìmùtìmù náà pẹ̀lú òwú tó ń fì lára rẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n iṣẹ́ ni, kí ẹ má baà máa dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní ṣúgà ti pa ojú òsì yín tán, pé ẹ ní tọ̀tún dà bí ẹni ń wo ìta láti inú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi.

“Ó bẹ̀ mí ni. Ó ní bí àwọn customer bá gbọ́, wọ́n á kó aṣọ wọn lọ. Ó ní ìwọ ni òun sì ń sá fún jù, pé tó o bá mọ̀, wàá gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òun, wàá gbé òun jókòó sílé kí òun máa fa tẹ̀sùbáà. Ó ní ìka òun ṣì ń ríran. Ó ní ohun tí ìka bá ká, ìka á mọ̀ bó bá tọ́, ṣùgbọ́n maṣíìnì, ojú ló ń fẹ́.”

Wọ́n ní àwọn ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì fún ọdún márùn-ún. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín, bóyá ẹni tó ti lọ ṣì máa ń bínú. Mo ti bá wọn bẹ̀ yín báyìí.

Màámi, òótọ́ lẹ sọ nípa mi. N ó gba abẹ́rẹ́ náà. Mo mọ ara mi.

Gbogbo rẹ̀ wá ń yé mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń rìn padà. Àga ẹnu ọ̀nà: ìmọ́lẹ̀ lẹ̀ ń wá, ẹ ò kẹ̀yìn sí mi. Fèrèsé ńlá Ìkòròdú. Ìborùn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ tó yọjú, torí ẹ mọ̀ pé nígbà tí ọkọ bá dé, ojú lè ti lọ. Mo yà sọ́jà, mo bi Bàbá wa bóyá wọ́n mọ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ẹ̀ ń kọsẹ̀ lára tábìlì, pé iyọ̀ ọbẹ̀ yín ti ń ṣe ségesège, àwọn rò pé àárẹ̀ ni. Wọn ò ṣa àlùbọ́sà kankan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ ìborùn sórí bẹ́ẹ̀dì lójú fèrèsé, mo wo iṣẹ́ yín láti ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo wò ó ní tòótọ́. Etí àkọ́kọ́ dára bí nǹkan tó hù lára aṣọ fúnra rẹ̀. Èkejì náà dára. Nígbà tí ẹ yí igun kejì, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ibì kan wà tí òwú yọ sójú aṣọ. Ibì kan wà tí kíká náà là, tí abẹ́rẹ́ fò ó láìmú un. Ó yẹ kí ẹnìkan sọ fún yín. Ẹ sì béèrè. Ẹ gbé e sókè, ẹ ní kí n bá yín wò ó, ṣé ó tọ́. Èmi ni mo sọ pé ó dáa.

Mo sunkún, Màámi. N ò sunkún tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin yín. Ìyìn kọ́ lẹ̀ ń wá lọ́wọ́ mi, ojú lẹ̀ ń yá. Ojú méjèèjì wà lórí mi, wọ́n pé, mo fi wọ́n wo ògiri.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ọ lára àkísà. Ìka mi ò gbọ́ràn. Bí mo bá tẹjú mọ́ ọn, á nípọn bí okùn. Níjọ́ karùn-ún, lọ́sàn-án, tí kò sí oníbàárà, mo bọ́ sórí àga yín lẹ́nu ọ̀nà, mo kan ìka láhọ́n, mo sì di ojú. Mo fi àtàǹpàkò wá etí aṣọ. Mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìka pé ó ti ká, pé ó tín-ín-rín, pé ó tó. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, mo fa òwú. Nígbà tí mo lajú, kò sí òwú kankan lójú aṣọ. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìborùn gan-an. Ẹ mọ bí mo ṣe rí, ọwọ́ mi ń yún mi láti tú ibi tí abẹ́rẹ́ yín ti ṣìnà, kí n tún un rán kó bá ìyókù mu. Aránṣọ ni mí, ojú oníbàárà ni mo fi ń jẹun, àwọn ìyá Ládé á sì ti wo etí ìborùn ìyàwó kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Mo ti mú sísọ́ọ̀sì kékeré. Màríyámọ̀ di ọwọ́ mi mú.

“Aunty Rashee, tẹ́ ẹ bá tú u, mi ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó wà nítòsí ojú mi.”

Mi ò tú u. Ibi tó là nìkan ni mo fi òwú méjì mú, kó má baà fà ya. Mo fi àmì abẹ́rẹ́ tó dógùn-ún náà sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbà á lọ́wọ́ yín. Mo ká etí kẹta tán, mo yí igun, mo ká etí tí maṣíìnì jẹ, mo tún yí igun tó kẹ́yìn. Mo ń ṣe díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án, lórí àga yín. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á mọ ibi tí ọwọ́ ti pààrọ̀, torí tèmi nípọn díẹ̀ ju tiyín lọ. Bàbá Shittu ní tèmi ò burú. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í yin ènìyàn.

Mo dá ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí fún òní.

Láàárọ̀ yìí àwọn àlùfáà wá, wọ́n ṣàdúrà fún yín, wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, wọ́n lọ. Bàbá ò lọ sọ́jà. Abdulkabir gba àyè níbi iṣẹ́, ó gbé Karimot kékeré dání, ìyẹn sì sùn fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Màríyámọ̀ tẹ́ ìborùn sórí itan mi. Mo ní kí gbogbo wọn máa wò ó, kí ojú pọ̀ lórí rẹ̀. Mo ká a títí mo fi dé àárín etí àkọ́kọ́, níbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Orí òwú tí ẹ fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó gùn tó ìka kan, ó ń dúró.

Màámi, a ò gbàgbé yín. Oúnjẹ ò gbàgbé yín, torí Bàbá ṣì ń bu tiyín mọ́ ọn kí wọ́n tó rántí. Mo fẹ́ràn yín nígbà tí mo kọjú sí ògiri, mo fẹ́ràn yín jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí, ó sì ń dùn mí pé mi ò fi ẹnu sọ ọ́ nígbà tí etí yín wà nítòsí. Kí Ọlọ́run tẹ́ Àlùjánnà sílẹ̀ fún yín, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí i gan-an, kó sì fi yín síbi tí ẹ ó ti máa rí wa kedere ní Sátidé.

Mo gbé etí ìborùn náà sókè, mo bi wọ́n pé, “Ẹ bá mi wò ó, ṣé ó tọ́?” Bàbá mú awò ojú wọn, wọ́n fi sójú, wọ́n tẹ̀ sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní ó tọ́. Mo so òwú mi mọ́ òwú yín, kókó kan péré, mo sì fi eyín já èyí tó kù.

Rasheedat, fún Bàbá, Abdulkabir, Màríyámọ̀ àti Karimot kékeré.